Orí Kẹjọ: Nígbà Tí Onílé Bá Fẹ́ Fipá Lé Ayálégbé Jáde

Bí ará Èkó bá wí fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Lánlọ́ọ̀dù mi ti bẹ̀rẹ̀ o,” onítọ̀hún kì í béèrè ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti yé e. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti já wáyà iná yàrá ẹnì kan, wọ́n ti ti kànga mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n máa da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà mìíràn, ẹnu ni wọ́n ń lò: èébú lónìí, ìhàlẹ̀ lọ́la, “màá kó ẹrù ẹ síta”. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, pé kí ọ̀rọ̀ ilé náà sú ayálégbé, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kí onílé má baà ná kọ́bọ̀ lórí lọ́yà.

Nínú orí yìí, a ó ṣàlàyé ìdí tí òfin fi ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, àti ọ̀nà tí onílé ní láti gbà kí ilé tó padà sọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní ọdún 2011, la ó máa tẹ̀ lé. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ohun tí Èkó kọ sílẹ̀ kò de ará Ìbàdàn tàbí ará Abẹ́òkúta. Ní ọdún 2025, àbá òfin tuntun kan dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gba ẹnì kan nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé.

Ta ló ni kí ni?

Onílé ló nilé, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti gba owó, tó sì fa kọ́kọ́rọ́ lé ayálégbé lọ́wọ́, ìgbé inú ilé náà ti di ti ẹlòmíràn. Bó ṣe ń rí nìyẹn títí a ó fi fòpin sí i lọ́nà tí òfin là sílẹ̀. Abala 6 òfin náà fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilé ní àlàáfíà: kí a má yọ ọ́ lẹ́nu láìnídìí, kó ní àṣírí tirẹ̀, kí yàrá rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kó sì lè lo ibi tí gbogbo ilé jùmọ̀ ń lò, ìyẹn àgbàlá, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá. Onílé lè wá yẹ ilé wò, àmọ́ ní àkókò tó bójú mu, lẹ́yìn tó bá ti jẹ́ kí ayálégbé mọ̀. Kò gbọdọ̀ máa fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣílẹ̀kùn nígbà tí onítọ̀hún wà níbi iṣẹ́.

Àwọn kan gbà pé ẹni tí kò bá fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Àdéhùn ẹnu lásán tó lójú abala 3, bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì nítorí ilé. Ẹ̀rí ló máa ń dìjà. Ìdí nìyẹn tí abala 5 fi sọ rísíìtì di dandan fún onílé: orúkọ àwọn méjèèjì, ọjọ́, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Ẹni tó ń fi fóònù sanwó náà ní ẹ̀rí, bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé owó ilé ni, tó sì dárúkọ oṣù tàbí ọdún tó sanwó fún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, wọ́n á wá máa wá ẹlẹ́rìí kiri lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Òfin yìí kò kárí gbogbo Èkó. Ó yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, àti ilé tí ilé ẹ̀kọ́ fi òṣìṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní Ìkòyí kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹni tí a lè ju ẹrù rẹ̀ síta, gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ tí a ó kà níwájú yóò ṣe fi hàn.

Aránṣọ Mushin

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò, tí a hun fún ẹ̀kọ́ yìí. Ìyá kan tó ń ránṣọ ń gbé yàrá méjì nínú ilé fésì-mí-àì-fésì-yú ní Mushin. Ọdọọdún ló ń sanwó. Bàbá onílé kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba àkóso ilé. Kò pẹ́ tó fi ní owó ilé ti di ìlọ́po méjì, owó ọdún méjì sì ni òun máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Aránṣọ ní, “Ẹ ṣàánú mi, Bùọ̀dá, mi ò ní in.” Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wáyà tó wọ yàrá rẹ̀ já nídìí mítà; iná gbogbo ilé ń tàn, tirẹ̀ nìkan ló ṣókùnkùn. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló fi ń ránṣọ, ó fara dà á. Wọ́n tún fi àgádágodo ti ẹnu kànga, wọ́n pín kọ́kọ́rọ́ fún àwọn yòókù, wọn ò fún un. Ó ń ra omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, káfíńtà méjì gun òkè, wọ́n ń tú páànù òrùlé lápá ibi tí yàrá tirẹ̀ wà nìkan. Ọmọ onílé dúró nísàlẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní àtúnṣe ni òun ń ṣe. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òjò ti rọ̀ sórí aṣọ ẹbí ogún èèyàn tó wà nílẹ̀ láti rán.

Ẹ̀ṣẹ̀ mélòó ló wà nínú ìtàn yìí?

Owó ọdún méjì ni àkọ́kọ́. Abala 4 kò jẹ́ kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé ọlọ́dún, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti wà nílé tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tó san án náà ti rúfin bí ẹni tó gbà á: ₦100,000 owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Lójú tèmi, apá yìí ni kò jẹ́ kí abala náà rìn. Ta ni yóò lọ fẹjọ́ sùn nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀?

Ní ti owó tó di ìlọ́po méjì, òfin kò sọ iye tí onílé lè fi kún owó ilé. Abala 37 ló gba ayálégbé láyè láti gbé àfikún tó bá kọjá ààlà lọ sí kóòtù, kí kóòtù wo iye tí ilé tó jọ ọ́ ń mú wá ládùúgbò.

Iná àti omi bọ́ sábẹ́ abala 8, tó kọ̀ fún onílé láti dá ohun tí gbogbo ilé ń lò dúró, tó sì tún kọ̀ fún un láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ayálégbé. Bó bá jẹ́ pé ó ti máṣíìnì mọ́lé nítorí gbèsè ni, abala kan náà ni ì bá mú un.

Páànù ló burú jù. Abala 44 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá wó ilé tàbí tó yí i padà láti fi lé ayálégbé jáde láìgba àṣẹ kóòtù, tó fipá lé e tàbí tó gbìyànjú bẹ́ẹ̀, tó fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe halẹ̀ mọ́ ọn kó lè jáde, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ba ilé jẹ́, ti dẹ́ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò ju ₦250,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. “Àtúnṣe ni mò ń ṣe” kò gbà á sílẹ̀, nítorí èrò ọkàn ni òfin ń wá. Àtúnṣe wo ló ń mú òrùlé ẹnì kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, lẹ́yìn ìjà owó, nígbà òjò, tí kò sí páànù tuntun nílẹ̀?

₦250,000 ọdún 2011 kọ́ ni ₦250,000 òde òní, onílé tó lówó lọ́wọ́ lè san án kó sì tún máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wọ̀n ló ṣì ń bani lẹ́rù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aránṣọ lè béèrè owó gbà-má-bínú fún aṣọ tó bàjẹ́, iṣẹ́ tó dúró àti ìwọ̀sí tó jẹ. Òfin náà kò fi òdiwọ̀n sí èyí.

Láti kúìtì nótíìsì dé ọwọ́ báílíìfù

Kí ló yẹ kí ọmọ onílé ṣe, bó bá fẹ́ yàrá méjèèjì padà lóòótọ́? Ní ọdún 1997, nínú ẹjọ́ Iheanacho àti Uzochukwu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà to àwọn ìgbésẹ̀ náà tẹ̀ léra. Kúìtì nótíìsì ló ṣáájú. Nótíìsì ọlọ́jọ́ méje tẹ̀ lé e. Kóòtù ló kẹ́yìn.

Ìgbà tí a fi ń sanwó ló ń sọ bí kúìtì nótíìsì yóò ṣe gùn tó, àyàfi bí àgírímẹ́ǹtì bá ti sọ ohun mìíràn. Ayálégbé olóṣooṣù ní oṣù kan. Ẹni tó ń sanwó oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ní oṣù mẹ́ta. Ọlọ́dún ní oṣù mẹ́fà. Ẹni tí onílé kàn gbà láyè láìdá ìgbà ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kíyè sí “àyàfi” yẹn dáadáa. Lọ́yà onílé ló sábà máa ń kọ àgírímẹ́ǹtì, mo sì ti rí èyí tó gé oṣù mẹ́fà òfin sí oṣù kan nínú ìlà tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti fọwọ́ sí i.

Bí ayálégbé olóṣooṣù bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, ìgbé rẹ̀ ti tán lábẹ́ òfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí àkókò tí wọ́n dá fún un ti pé. Irú wọn kò ní kúìtì nótíìsì tí wọ́n ń dúró dè.

Nótíìsì ọlọ́jọ́ méje ni àwọn èèyàn máa ń ṣì gbọ́ jù. Bí ìwé náà bá dé, ìyàwó á bú sẹ́kún, ọkọ á lọ wá ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á ní lọ́yà ti fún àwọn ní ọjọ́ méje láti kúrò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ méje, onílé yóò lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí pé yóò parí.

Bó bá dé kóòtù, adájọ́ á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, nítorí agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ó lè ní kí ayálégbé jáde, kó san gbèsè, kó sì san owó ọjọ́ tó fi jókòó sílé lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ ti tán. Ó lè fún un láyè díẹ̀ láti wá ilé mìíràn. Ó sì lè sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú alárinà. Bí ó bá pàṣẹ tí ayálégbé kọ̀, báílíìfù kóòtù tó mú ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ló lè kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kíatékà kò lè ṣe é, ejẹ́ǹtì kò lè ṣe é, lọ́yà pàápàá kò lè ṣe é, ká má tilẹ̀ sọ àbúrò onílé tó jẹ́ sójà.

Ẹjọ́ Queen's Drive

Ẹjọ́ tó fìdí èyí múlẹ̀ jù ní Nàìjíríà, ilé kan ní Ìkòyí ló dá a sílẹ̀, àdúgbò tí Òfin 2011 yọ sílẹ̀ gan-an. Olóyè Emeka Odumegwu Ojukwu, tó ti ṣe olórí Biafra, dé láti ìgbèkùn ní 1982, ó sì ń gbé nínú ilé kan ní Queen's Drive tó jẹ mọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé náà ti di ti ìjọba, kó jáde. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn agbófinró dé pẹ̀lú ìbọn lóṣù October 1985, wọ́n lé e síta. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà síbẹ̀. Ìjọba kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ló gbà lọ, ó ní kí wọ́n bá òun dá àṣẹ yẹn dúró ná.

Ní ọdún 1986, àwọn adájọ́, tí Kayode Eso àti Andrews Obaseki wà lára wọn, kọ̀ fún un. Wọ́n ní ẹni tó ti gbé ọ̀rọ̀ kóòtù jù sẹ́yìn kò lè tún padà wá bẹ kóòtù kan náà pé kó ṣe òun lóore, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dé iwájú kóòtù, kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó ń ṣẹjọ́, ìjọba pàápàá, tó lè fi agbára ọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀. Ẹ rántí pé ìjọba ológun là ń sọ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé Ojukwu jàre nítorí pé òun ló nilé. Àwọn adájọ́ náà kò tíì kan ìyẹn rárá. Kò sí nínú ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà bóyá ìjọba ló nilé tàbí ìdílé Ojukwu. Ọ̀nà tí ìjọba gbà ni wọ́n dá lẹ́bi. Nítorí náà, onílé tó jàre pátápátá lórí owó tí wọ́n jẹ ẹ́ lè jẹ̀bi pátápátá lórí ilẹ̀kùn tó yọ.

Ayálégbé tó jẹ gbèsè ńkọ́?

Ìbínú onílé kì í ṣe lásán nígbà gbogbo. Àwọn ayálégbé kan wà tí wọn kì í sanwó, tí wọ́n á fi owó ilé ra aṣọ ọdún, tí wọ́n á sì máa retí kí lọ́yà onílé ṣàṣìṣe lórí ìwé. Opó tó fi owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ kọ́lé tí kò rí owó gbà ń jìyà, ẹjọ́ á sì máa fà láti oṣù dé oṣù. Òfin dáàbò bo ajigbèsè lọ́wọ́ ipá, kò yọ ọ́ nínú gbèsè.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ẹ̀hónú hàn sí irú ọgbọ́n yìí ní February 2021, nínú ẹjọ́ Pillars Nigeria Limited àti Desbordes. Adájọ́ Helen Ogunwumiju sọ ọ́ níbẹ̀ pé àwọn ayálégbé ń fi àbùkù inú kúìtì nótíìsì ṣe ibi ìsápamọ́sí, pé nígbà tí onílé bá ti pe ẹjọ́ láti gba ilé rẹ̀, ìwé ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ ti tó nótíìsì. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbọ́kàn lé e pé “ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò pé” nìkan ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ẹjọ́ yìí kò fún onílé láṣẹ láti tú páànù o. Ó mú kí ọ̀nà kóòtù yá fún un ni.

Bí onílé bá kú, tàbí tó ta ilé

Ikú onílé kò fòpin sí ìgbé ayálégbé. Àwọn ọmọ jogún ilé pẹ̀lú àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó ra ilé náà rà á bẹ́ẹ̀: kò lè dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè kó ní kí gbogbo ilé ṣófo ní ọjọ́ Fúráìdè.

Wàhálà tó sábà máa ń tẹ̀ lé ìsìnkú ni ti ọmọ bàbá kan náà méjì tàbí mẹ́ta tí oníkálukú ń wá gba owó. Dáwódù ní òun ni olórí ẹbí. Ọmọ ìyàwó kejì mú lẹ́tà lọ́yà dání. Àbíkẹ́yìn ń gbénú ilé, ó ní òun ló ń tún un ṣe. Ayálégbé tó bá fún ọ̀kan lówó láìwádìí lè tún un san. Kó kọ̀wé sí gbogbo wọn pé owó wà nílẹ̀, kí wọ́n fi ìwé fa ẹni tí yóò gbà á kalẹ̀. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, ó lè ní kí kóòtù pinnu ẹni tó tọ́ sí. Kó má ṣe ná owó náà ṣá.

Ọlọ́pàá, alárinà, kóòtù

Onílé tó mú ọlọ́pàá wá nítorí owó ilé ti ṣi ọ̀nà. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé kò mú àdéhùn ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí onílé bá lu ayálégbé, tó ba ẹrù rẹ̀ jẹ́ tàbí tó kó àwọn ọmọ ìta wá, ìwà ọ̀daràn ni ìyẹn, iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ni. Kí ayálégbé lọ fẹjọ́ sùn, kó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́ náà.

Kó tó kúrò nílé, kó ya àwòrán: wáyà tó já, àgádágodo, ihò òrùlé, aṣọ tó rin. Kó tọ́jú ohùn ìhàlẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Kó má ṣe fi ìjà dáhùn, kó má sì fi pé inú ń bí i dá owó ilé dúró.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ayálégbé dúró, pàápàá nínú ilé tí wọ́n ti jọ ń jẹun ọdún. Àmọ́ nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́ láti orí páànù. Fún ẹni tí kò fẹ́ kóòtù síbẹ̀, Citizens' Mediation Centre wà, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999: wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n á kọ̀wé pe onílé, wọ́n á sì kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. Office of the Public Defender àti Legal Aid Council ń fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí òrùlé bá ti ṣí sílẹ̀, kì í ṣe alárinà ló kàn. Kí lọ́yà sáré gba àṣẹ kóòtù tí yóò dá onílé lọ́wọ́ kọ́, tí yóò sì ní kó dá nǹkan padà sí ipò rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Ayálégbé olóṣooṣù kan jẹ gbèsè oṣù méje. Onílé yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní òfin ti sọ pé ìgbé rẹ̀ tán. Ibo ni onílé jàre, ibo ló ti jẹ̀bi?

2. Kí ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pinnu nínú ẹjọ́ Ojukwu ní 1986, kí sì ni kò pinnu?

3. Bá aránṣọ Mushin kọ lẹ́tà kan sí ọmọ onílé. Má lo ọ̀rọ̀ èébú. Sọ abala òfin tó rú, ohun tí ó fẹ́ kó ṣe, àti ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá.

4. Wá àgírímẹ́ǹtì ilé kan tí ẹbí rẹ fọwọ́ sí. Kí ló sọ nípa kúìtì nótíìsì? Fi í wé ohun tí òfin ì bá fún un ká ní kò sọ nǹkan kan.